Sálúbàtà Tó Kù sí Ojú Ọ̀nà Ìmíní

Ẹ̀yin tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ti ń ta yín bí ìgbà tí èèyàn tẹ ata gígún, tí ẹ ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí fún. Èmi kì í ṣe tíṣà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó kú, tí mo fi gba oko lọ. Ọmọ Fìdítì ni mí, Ràímì lorúkọ mi. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ. Ibi tí mi ò bá ti mọ̀, màá sọ pé mi ò mọ̀.

Oko wa wà lọ́nà Ìmíní. Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì fẹ́yàwó, mo sì ń tu owó jọ láti ra kẹ̀kẹ́. Inú abà ni mò ń sùn, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń wọlé wá kírun. Iṣu tí mo bá wà, mo tà á. Ẹ̀wà tí mo bá ká, mo tà á. Adìyẹ tó bá yé, ẹyin rẹ̀ di ti ọjà. Gàrí ni oúnjẹ mi. Mo ń fomi rẹ ẹ́ mu láàárọ̀, mo ń mu ún lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́ n óò fi tẹ ẹ̀bà, n óò fi ata àti iyọ̀ gbé e mì. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Bí a ti ń ṣe gàrí náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń rin ẹ̀gẹ́, wọn a dà á sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e, wọn a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Èmi àti Làmídì, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, la jọ ń lo òkúta kan náà. Ó jù mí lọ, ó ti níyàwó, ó ti bímọ kan, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìkánjú, ẹgbẹ́ ni wá. Òní la rin ín, ọ̀la la yan án, torí àwọn ará Ìbàdàn tó ń wá rà á kì í dúró deni. Mo rò pé nítorí adùn ẹnu nìkan làwọn ìyá wa ṣe ń jẹ́ kó kan.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé eèrà ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. N óò wò ó, n kò ní rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó di gbígbóná. Mo máa ń sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ odò, kó tó rọlẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbígbóná yẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn, mo rò pé ó ti san. Kò san. Ẹsẹ̀ ló ń kú. Ó wá dà bíi pé òwú ni mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Mo lè rìn láti abà dé ẹ̀bá odò kí n tó ṣàkíyèsí pé sálúbàtà ẹsẹ̀ mi kan ti bọ́ sọ́nà, n kò sì mọ ìgbà tó bọ́.

Ibi ìrun ni àṣírí ti tú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo ń ṣe àlùwàlá. Mo bomi sójú, mo sì dijú bí gbogbo èèyàn ṣe ń dijú. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, kẹ́tùlù ti yí dànù. Mo dìde, mo tún bomi sójú, mo tún ṣubú; n kò tíì mọ̀ pé ojú mi nìkan ló kù tó ń gbé mi dúró. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ládàánì wa, àgbàlagbà kan tí kì í fẹ́ràn eré, sún mọ́ mi.

"Ràímì, ẹmu ta lo mu?"

"Mi ò mutí, Bàbá."

"Yanu."

Mo yanu. Ó gbé imú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu mi, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Ó wá kọjú sí àwọn tó kù. "Kò mutí," ó ní. "Ó sàn kó jẹ́ pé ó mutí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí ìyá mi nìyẹn. Ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára. Ó béèrè ohun tí gbogbo ìyá yóò béèrè.

"Ta lẹ jọ jà?"

Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá n kò ní máa kọ ìwé yìí pẹ̀lú ọkàn tó wúwo báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn, èmi àti Làmídì ti fa ọ̀rọ̀ ààlà. Mo kọ ebè kan kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bínú, ó ní, "Ràímì, bí o bá tún fẹsẹ̀ yẹn tẹ ebè mi, ẹsẹ̀ náà á jẹ́jọ́." Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. A ti padà jọ mu omi nínú igbá kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń wá ẹni tí màá gbé e kọ́ lọ́rùn. Mo sọ fún ìyá mi ohun tí Làmídì sọ. N kò sọ pé a ti parí rẹ̀.

Ó tán. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí, ẹsẹ̀ ni Làmídì dárúkọ. Gbogbo ẹbí ní àtẹ̀pa ni, pé ó ti sin nǹkan sí ojú ọ̀nà oko mi. Wọ́n lọ bá a nílé. Ó búra, ó fi Kùránì búra, wọn kò gbà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ní Fìdítì. Tó bá dúró lórí sàfù láti kírun, àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ a sún. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ, ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlọrà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Akínmọ̀ọ́rìn tó ń fi ewé àti egbò tọ́jú ẹsẹ̀. Bàbá Akínmọ̀ọ́rìn là ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ó ní kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi ewé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá mi ló ń po omi náà. Ní àárọ̀ kan, ó da omi sí bàsíà, mo ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́.

"Ṣé ó ti gbóná tó?"

"Kò gbóná, Ìyá mi."

Ó tún bù lára èyí tó wà lórí iná sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì tutù."

Ó tún bù sí i. Ìgbà yẹn ni Bàbá Akínmọ̀ọ́rìn wọlé wá wò mí. Ó rí ooru tó ń rú lójú bàsíà, ó tẹ ara ba, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fà á yọ kíá. Ó ń fẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú mi.

"Ràímì, o ń bá mi ṣeré ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè."

Mo gbé e sókè. Awọ rẹ̀ ti ń bó bí èèpo iṣu sísè. N kò mọ nǹkan kan lára. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi etí gèlè bo ẹnu rẹ̀. "Èmi ni mo bọ ọmọ mi," ó ń sọ. "Èmi ni mo bọ ọmọ mi." Mo ń sọ fún un pé èmi ni mo ní kò gbóná, kò gbọ́.

Bàbá Akínmọ̀ọ́rìn kò fọ̀rọ̀ gùn. "Iṣẹ́ yìí ju tèmi lọ. Ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn, ẹ má fi falẹ̀."

A fi falẹ̀. Àwọn ẹbí ní Làmídì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá tú ohun tó dì, pé oògùn òyìnbó kò mọ àtẹ̀pa. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nílé Làmídì, ẹsẹ̀ mi sì ń rà. Nígbà tí eṣinṣin kò jẹ́ kí èmi àti ìyá mi lè jókòó mọ́, ó ta ẹrù aṣọ rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò gbé mi sínú bọ́lẹ̀kájà. Kò sọ fún ẹbí. "Bí wọ́n bá ń wá wa," ó ní, "kí wọ́n wá wa débẹ̀."

Ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, kí a tó débẹ̀, ìlà ti yí ilé náà po. Ẹni tó bá jókòó, wọn a fò ó. Ìyá kan tó ti Ọ̀yọ́ wá wà níwájú wa.

"Ọmọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ ń rùn."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ má bínú."

"Kí ni n óò bínú sí? Ó ń bá mi lé àwọn tó fẹ́ já wọ iwájú wa." Ó wá fi èjìká rẹ̀ gbé mi dúró títí ìlà fi dé ọ̀dọ̀ wa. N kò tún rí i mọ́. Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà tó wò mí jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó jọ pé kò jù mí lọ púpọ̀. Ó mú irin kan tó lẹ́nu méjì bí amúga, ó gbá a mọ́ orúnkún ara rẹ̀, irin náà ń kùn. Ó fi ìdí rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ mi, mo mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ó fi lé kókósẹ̀ mi, ó dà bí igi lásán. Ó ní kí n dijú.

"Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ, òkè ni mo tì í sí àbí ìsàlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ kàn án, sà."

Ó wá béèrè pé kí ni mo jẹ lánàá.

"Gàrí."

"Níjẹta?"

"Gàrí."

"Kí ìyẹn tó dé?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "Dókítà, ẹ máa béèrè ohun tí kò jẹ, ìyẹn ni yóò gùn."

Ó béèrè bí a ti ń ṣe gàrí náà, ọjọ́ tí a ń fi sínú àpò, ẹni tó tún ń jẹ ẹ́. Mo rò pé ó ń fi wá ṣẹ̀sín ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n ní kí ìyá mi bá àwọn mú gàrí oko wa díẹ̀ wá. Òyìnbó kan tún wá, ó fi òwú kékeré kan tọ́ mi lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń kọ ibi tí mo bá ti ní mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ba ìyá mi.

"Ẹ fẹ́ fi ọmọ mi kọ́ṣẹ́," ó sọ fún dókítà.

"Òótọ́ ni, mà," dókítà ní. "Àwa náà ń kọ́ ọ ni. A ti rí irú rẹ̀ lára àwọn mìíràn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ó jọ pé májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kò bá kan dáadáa, ara tí kò sì rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà kò lágbára láti lé e jáde. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Bí mo bá ní a ti mọ̀ ọ́n tán, irọ́ ni mo pa fún yín."

N kò rò pé mo tíì rí ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ tó sọ fún ìyá mi rí pé òun kò mọ nǹkan kan tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìyá mi gbà fún wọn.

Wàyí o, ẹsẹ̀ tó bó yẹn ti dúdú níwájú. Dókítà àgbà kan ní kí wọ́n gé e. Tiwa ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Wọ́n fi báírò fa ìlà yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká. Wọ́n ní bí dídú náà bá kọjá ìlà yìí, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, wọn óò gé e. Àràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń tú u, n óò sì nà sókè láti wo ìlà náà. Àgbẹ̀ ni mí. Kí ni àgbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan fẹ́ fi oko ṣe? Bí mo bá dùbúlẹ̀, ìlà ebè tí mo kọ kọjá sọ́dọ̀ Làmídì ni mò ń rò. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí dúdú náà má fi tèmi kọ́ṣe, kó dúró níbi tí wọ́n fà fún un.

Ó dúró. Ọmọ ìka méjì ni wọ́n gé, ẹsẹ̀ kù sí mi lára.

Wọ́n ń fún mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń fún mi ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Nígbà tó pẹ́, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi bí abẹ́rẹ́. Mo ké pe dókítà pé àìsàn ti padà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn iṣan kan wà lára tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, bí wáyà tó ń lọ láti ìlú kan sí ìkejì lẹ́bàá títì. Tèmi ti bàjẹ́. Gígún yẹn ni pé òmíràn nínú wọn ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. "Kì í yára," ó ní. "Bí èhù iṣu ló ṣe ń rú, o ò lè jókòó tì í kí o rí i. Òmíràn kò ní rú mọ́ láé. Bí o bá tún wá padà sórí gàrí nìkan, èyí tó rú á tún rọ."

Mo padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó yẹ kí n máa padà lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọdún náà ni wọ́n ń sun ilé sun mọ́tò nítorí òṣèlú, awakọ̀ kì í fẹ́ gba ọ̀nà Ìbàdàn. Mo fi ìyẹn ṣe àwáwí. Kò sówó, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ gàrí mu. Kò pẹ́ tí eèrà ìjọ́sí tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí ìyá mi ti gbọ́ báyìí, ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó da gàrí inú rẹ̀ fún adìyẹ. Láti ìgbà náà, ẹ̀wà oko mi, mo ń jẹ nínú rẹ̀ kí n tó tà á.

Ní ọ̀sán kan, mo ń lọ sóko, mo rí sálúbàtà kan lójú ọ̀nà Ìmíní. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Inú rẹ̀ ṣì gbẹ, òjò òwúrọ̀ kò bá a níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, sálúbàtà Làmídì ni, ó fi awọ pupa lẹ etí rẹ̀. Mo wo iwájú. Làmídì ń lọ, ó tẹrí ba, ó ń wo ilẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń rìn nínú omi, ó sì ń kì í mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ìkejì kò wọ̀. Kò mọ̀.

Orí mi wú. Ká jọ rin ẹ̀gẹ́, ká jọ gbé òkúta kan náà lé e, ká jọ kánjú. Mo fi ọ̀pá sáré bí mo ti lè sáré.

"Bùrọ̀dá Làmídì, sálúbàtà yín rèé."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mo bọ́ ọ sílẹ̀ ni."

"Ẹ bọ́ ọ̀kan, ẹ wọ ọ̀kan?"

Ó fi ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà pamọ́ sẹ́yìn ìkejì.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe, Ràímì? Kí n lọ sọ fún Fìdítì pé ẹsẹ̀ ń ta mí? Ẹ ti ní èmi ni mo sin oògùn dè ọ́. Wọ́n á ní ó ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìyàwó mi á gbọ́ ọ ní Ìlọrà, á ní òótọ́ ni. Ó sàn kí n fi í sínú bàtà."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn, pé tirẹ̀ kò tíì jìn bíi tèmi. Ó ní òun kò lọ. Ó gba sálúbàtà rẹ̀, ó ń lọ.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo di ẹnu rẹ̀, èmi náà ló gbọ́dọ̀ tú u. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n sálámà tí ìrun parí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ alùfáà. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ohun tó ṣe mí, oúnjẹ ni, kì í ṣe Làmídì. A ti parí ìjà wa kí n tó ṣàìsàn, mo fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Irọ́ ni mo fi bà á jẹ́. Nǹkan náà sì ti ń ṣe òun náà báyìí, torí a jọ ń jẹ gàrí kan náà. Tó bá jẹ́ pé oògùn rẹ̀ ló padà, kí ló dé tí dókítà fi béèrè lọ́wọ́ mi, nígbà tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, pé ta ló tún ń jẹ nínú gàrí náà?"

Ládàánì ló kọ́kọ́ dìde, bàbá tó gbóòórùn ẹnu mi lọ́jọ́sí. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ Làmídì lẹ́yìn, ó jókòó tì í.

Làmídì kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, ó ti wà ní ibùdókọ̀ kí n tó débẹ̀. "Má rò pé mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Mi ò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ni."

Bí mo ti wà nísinsìnyí rèé. Ọwọ́ ọ̀pá mi ti ń dán. Ẹsẹ̀ òsì mi mọ òtútù ìrì, ọ̀tún kò mọ̀ ọ́n, dókítà sì ní bóyá ni yóò tún mọ̀ ọ́n. A ṣì ń padà lọ bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún wa, wọn a fi irin tó ń kùn yẹn sí wa lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ mi padà wò bóyá ẹ̀gún wọ̀ ọ́, torí kò ní sọ fún mi. Èmi kì í fi ẹsẹ̀ dán omi wò mọ́, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ ohun tí ẹ ń jẹ. N kò ní kí ẹ má jẹ gàrí. Ẹ jẹ́ kó kan, kí ẹ sì fi nǹkan sí i. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kí ẹ dárúkọ, ẹ kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

Ti Làmídì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán. Ìyàwó rẹ̀ ti padà. Èmi àti rẹ̀ kò tíì rí bí a ti rí tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń roko lẹ́bàá ààlà wa, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ràímì, orí ebè mi lo dúró sí."

Mo wo ilẹ̀. Òótọ́ ni. "Mi ò mọ̀, Bùrọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ó na ọkọ́ rẹ̀ sí mi kí n dì í mú. "Bọ́ sápá ọ̀tún. Rọra. Ihò wà níbẹ̀."

Mo di ọkọ́ náà mú, mo bọ́ sápá ọ̀tún.